Olíkóyè Ransome-Kútì: Dókítà Tó Wá Ọmọdé Lọ Sílé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì jẹ́, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn oyè rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní àárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Lóṣù tó kọjá ni mo sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí irú ibẹ̀ ní ìhà Ẹgbẹ́dá, nítorí kò lè gbé ọmọ, kó gbé àpò, kó tún máa sá fún kẹ̀kẹ́ Márúwá. Aago mẹ́jọ kò tíì lù tí àga fi kún. Nọ́ọ̀sì kan ń lé orin nípa ọmú fífún, àwọn ìyá ń gbè é, àwọn ọmọ tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ ń fi igbe tiwọn dá sí i. Wọ́n gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sórí òṣùwọ̀n. Nọ́ọ̀sì fi bírò ṣe àmì kékeré sórí káàdì rẹ̀, ó fi ìlà so ó mọ́ ti oṣù tó ṣáájú, ó sì dákẹ́. Ó wá bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ni ọmọ ń jẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni ìlà yẹn ti ń gòkè bí ẹni ń gun àkàbà, àmọ́ láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ó dùbúlẹ̀ gbalaja.

Ọmọ náà kò ṣàìsàn o. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fa gèlè obìnrin tó jókòó níwájú wa. Ká ní ojú lásán la fi ń wò ó, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ohun kan ti ń yẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ẹ̀kọ tó ṣàn bí omi, tí kò ní nǹkan kan nínú, ló ń mu látàárọ̀ dalẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà lọ́jà Ìkọ̀tún.

Àwa tí a ń kọ́ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé ní ẹ̀ka yìí ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò lọ́pọ̀ ìgbà pé ìṣẹ́ ìgbà èwe máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ kó tó dé ilé ẹ̀kọ́. Èmi kò rí i kó hàn lórí bébà báyìí rí. Nígbà tí mo délé ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ta ló gbé òṣùwọ̀n àti káàdì yìí dé àdúgbò wa, tí kò fi jẹ́ pé Ìdí-Àràbà ni ẹ̀gbọ́n mi ní láti gbé ọmọ lọ. Ọwọ́ tó wà nínú iṣẹ́ náà pọ̀, àmọ́ orúkọ kan ló ń yọjú níbi gbogbo.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Olíkóyè sí, ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1927. Baba rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà nígbà yẹn. Ní 1932 ni ìdílé náà kó lọ sí Abẹ́òkúta, tí baba sì di ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School. Ìyá rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀, ẹni tí ayé padà wá mọ̀ sí aṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá. Dòlúpọ̀ obìnrin ni àkọ́bí, Olíkóyè tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni Fẹlá, ní 1938, àti Bẹ́kọ̀, ní 1940.

Ilé tí ìwé wà, tí dùùrù wà, tí pàṣán baba náà sì wà nìyẹn, ilé tí ebi kò ráyè wọ̀. Mo ń sọ èyí nítorí pé a fẹ́ràn ìtàn ẹni tó ti inú ìṣẹ́ bọ̀ wá di ńlá, a sì máa ń fẹ́ fi ẹ̀wù yẹn wọ gbogbo ẹni tó bá ṣe rere. Kò bá Olíkóyè mu. Wọ́n bọ́ ọ yó, wọ́n bá a sọ̀rọ̀, wọ́n kọ́ ọ níwèé kó tó mọ̀ pé ìwé le. Ohun tí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ló padà lo ayé rẹ̀ láti wá fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ìyá yẹn gan-an yẹ ká dúró wò. Ọ̀pọ̀ òbí ìgbà náà gbà pé ọmọ tí kò bá lè na ọwọ́ gba orí kọjá kó kan etí kejì kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́ lọ. Àmọ́ ní àwọn ọdún 1920 yẹn, Fúnmiláyọ̀ ti ń kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jọ sí kíláàsì; ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó tún ń kọ́ àwọn obìnrin tálákà ní ìwé kíkà. Ọmọ àti ìyá ọmọ ló dojú kọ pa pọ̀. Ẹ rántí ìyẹn bí a ti ń bá ìtàn ọmọ rẹ̀ lọ.

Fẹlá máa ń sọ ìtàn kan nípa ilé náà. Ó ní òun ti wá sáyé ní 1935 kí wọ́n tó tún òun bí ní 1938; pé wọ́n ní kí òyìnbó ajíhìnrere kan fún òun lórúkọ, orúkọ náà kò bá òun lára mu, òun sì bínú padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Fẹlá ló ń sọ ọ́, ẹ sì mọ bí Fẹlá ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ bí ọmọ ọwọ́ kan bá kú lóòótọ́ nílé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ìyá tó kàwé dé England, kí là ń retí nílé àgbẹ̀, nílé alágbàro? Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní orúkọ mìíràn fún irú ikú bẹ́ẹ̀ ju àbíkú lọ. Wọ́n á sọ ọmọ tó tẹ̀lé e ní Málọmọ́, wọ́n á sọ ọ́ ní Dúrójayé, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́.

Ní 1948 Olíkóyè wà ní Dublin, ní Trinity College, tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ní Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ àti àwọn obìnrin ọjà ń bá owó orí jà, títí tí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Olíkóyè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1954, ó padà ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba ní Èkó, ó tún lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ọmọdé sí i ní London, títí kan ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tó wà ní Great Ormond Street. Ní 1967 ó darapọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà, ó sì di olórí ẹ̀ka ìṣègùn ọmọdé níbẹ̀.

Ẹni tó bá dúró nínú wọ́ọ̀dù ọmọdé nígbà náà yóò rí nǹkan kan náà lójoojúmọ́: ìgbẹ́ gbuuru, èéyi, ibà, òtútù àyà, ipá ọmọ tuntun, àti ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ pọ́n. Ìyẹn tó gbẹ̀yìn ni kwashiorkor. Èdè Gã tí wọ́n ń sọ ní Accra ló ti wá, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ló sì kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn ní àwọn ọdún 1930. Ọmọ tí àbúrò rẹ̀ lé kúrò lórí ọmú ni orúkọ náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn ìyá Accra ti mọ ohun tó fa àìsàn náà kí ilé ìwòsàn tó mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti fi sínú orúkọ.

Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn àìsàn yẹn tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà. Inú yàrá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nídìí kànga, nídìí ìkòkò ògì, lọ́sẹ̀ tí ìyá kò rí owó ọkọ̀. Dókítà ńlá nílé ìwòsàn ńlá, òpin ìtàn ló ń rí. Bó bá sì wo ọmọ náà sàn, inú ilé kan náà ni yóò padà sí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, ẹnì kan ti fi ohun mìíràn hàn. David Morley, dókítà ará England tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí wọn, láti 1957 lọ. Ó ń wọ̀n wọ́n, ó ń fún wọn lábẹ́rẹ́, ó ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ lójú kan náà. Ibẹ̀ ni káàdì tó ní ìlà yẹn ti jáde, tó sì di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Bẹ́ẹ̀ ni: káàdì tí ẹ̀gbọ́n mi ń fi bọ inú ọ̀rá pamọ́ kí òjò má pa á, Ìmẹ̀sí-Ilé ni orírun rẹ̀. N kò mọ ìdí tí wọn kì í fi sọ èyí fún wa ní ọdún kìíní.

Olíkóyè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ ìgboro. Ní Gbájà, ní Súrùlérè, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì dá àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́kọ̀ọ́ láti máa tọ́jú àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé fúnra wọn, kí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́, ìwọ̀n, oúnjẹ àti ìfètòsọ́mọbíbí kún un, kó jẹ́ pé ọmọ tó le jù nìkan ni yóò dé ọ̀dọ̀ dókítà. Lónìí kò jọ nǹkan bàbàrà. Nígbà náà, kí nọ́ọ̀sì máa wo ọmọ láìsí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jọ ọ̀ràn lójú ọ̀pọ̀ dókítà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1978, ìpàdé àgbáyé kan ní Alma-Ata, ní Soviet Union àtijọ́, fọwọ́ sí i pé ìlera tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ni kí gbogbo orílẹ̀-èdè gbájú mọ́. Àwọn ará Gbájà ti ń jẹ àǹfààní irú rẹ̀ kí Alma-Ata tó fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sórí ohun tí ìlà tó dùbúlẹ̀ ń ṣe sí ọmọ, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí ti kan iṣẹ́ tiwa. Láti inú oyún títí di ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ọmọ máa ń yára dàgbà jù láyé rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá ní èròjà irin tó, bí kò bá sí ayódíìnì nínú iyọ̀ tí ìyá rẹ̀ jẹ nígbà oyún, bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń gba ohun tó jẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́wó ná: yóò dín ìdàgbà kù kí ẹ̀mí lè dúró. Ọmọ náà kò ní ga tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Kúkúrú yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń ṣọ́wó ná kì í rìn káàkiri, kì í tú ìkòkò, kì í bèèrè ìbéèrè, àgbà kì í sì í bá ọmọ tó dákẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oúnjẹ tó dín kù ti wá sọ ọ̀rọ̀ di kékeré nínú ilé. A ó sì máa yin ọmọ náà pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Yóò tó ọdún mẹ́fà kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní olódo.

Ní 1985, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gba ìjọba, ó sì fi Olíkóyè ṣe mínísítà ètò ìlera. Ọ̀rọ̀ yìí le. Kò tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ tí àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, tí wọ́n ju ìyá wọn sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó kú ní 1978. Bẹ́kọ̀, tí òun náà jẹ́ dókítà, ń bá àwọn ológun fà á, wọ́n sì tì í mọ́lé léraléra. Ọmọ ìyá kan ń jókòó pẹ̀lú ìjọba, àwọn yòókù wà lẹ́yìn odi. Àwọn kan kò dárí rẹ̀ jì í títí tó fi kú. Èmi ò lè sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Síbẹ̀ ọdún méje tó lò níbẹ̀, tó parí ní 1992, ni òṣùwọ̀n fi rìn láti Gbájà dé àwọn abúlé tí kò rí nọ́ọ̀sì rí.

Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, ní 1986. Wọ́n so wọ́n mọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ìlera tó wà nítòsí, kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ lè máa jáde lọ síbi tí àwọn ọmọ wà. Ìlànà ìlera ti orílẹ̀-èdè jáde ní 1988. Àjọ tó ń rí sí ìlera alábọ́ọ́dé jákèjádò Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Bó ṣe di 1990, ìjọba àti UNICEF ń kéde pé nínú ọmọ 100, ó lé ní 80 tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọdún yẹn náà ni UNICEF fún un ní àmì ẹ̀yẹ Maurice Pate.

Àmọ́ ohun tí àwọn ìyá wa rántí jù ni omi iyọ̀ òun ṣúgà. Ẹ lọ bi wọ́n nílé. Àṣà ìgbà náà ni pé bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, kí wọ́n dá omi dúró, nítorí wọ́n rò pé omi tó ń mu ló ń tú jáde. Àwọn mìíràn á ní eyín ló ń hù. Ọmọ á gbẹ, ojú á jìn, àwùjẹ̀ orí á wọlé, ó sì lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn wá rí ni pé bí iyọ̀ àti ṣúgà bá wọnú ìfun pa pọ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n á fa omi wọlé pẹ̀lú wọn, kódà bí ìgbẹ́ náà kò tíì dá. Ní 1971, nínú àgọ́ àwọn tó ń sá ogun Bangladesh, ìyẹn ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là níbi tí omi abẹ́rẹ́ ti tán.

Olíkóyè gbé e wá sórí tẹlifíṣọ̀n àti rédíò wa. Wọn kò fi ìfe ilé ẹ̀rọ ìwádìí wọn omi fún àwọn ìyá. Ìgò bíà kan tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì ni wọ́n ní kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, nítorí kò sí ilé tí wọn kò ti lè rí ìgò yẹn. Ìmọ̀ tó wà nínú yíyan ìgò bíà yẹn, èmi kò rí irú rẹ̀ nínú ìwé ńlá mi. Mínísítà kan dúró níwájú orílẹ̀-èdè, ó ń sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ọmọ àti ṣíbí iyọ̀. Àwọn kan fi ṣe ẹlẹ́yà. Lónìí, ti inú ọ̀rá tí wọ́n ti wọ̀n kalẹ̀ àti oògùn zinc ni ilé ìwòsàn máa ń fún ni, ó sì dára ju èyí tí a fọwọ́ ara wa pò lọ.

Ìbínú àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ju ẹlẹ́yà lọ. Wọ́n ní ó ń kó ojú owó kúrò lára àwọn ilé ìwòsàn ńlá, pé bébà àti kànǹpéènì ló ń ṣe nígbà tí wọ́ọ̀dù ń jò. Wọ́n ní ẹ̀rí tiwọn o. Àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì jìyà ní àwọn ọdún yẹn, nígbà tí ìjọba ń dín ìnáwó kù lábẹ́ ètò SAP, ọ̀pọ̀ dókítà sì kó ẹrù wọn lọ sí Saudi Arabia. Àmọ́ mo gbà pé ó wo ibi tí ọmọ ń kú sí, ó sì gbé owó tẹ̀lé e.

Ó tún fọwọ́ kan oúnjẹ ọmọ ọwọ́ àti iye ọmọ. Òfin 1990 ká àwọn tó ń polówó mílíìkì agolo bí ẹni pé ó dára ju ọmú lọ lọ́wọ́ kò. Ìlànà iye ènìyàn ti 1988 dá a lábàá pé kí obìnrin kan má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ. Ariwo pọ̀ lórí ìyẹn, pàápàá nítorí pé obìnrin ni wọ́n ka ọmọ lé lórí, wọn kò bi ọkùnrin oníyàwó mẹ́ta léèrè ohunkóhun. Ẹni tó bá rántí ìtumọ̀ orúkọ Gã yẹn yóò mọ ìdí tí oníṣègùn ọmọdé fi ń dá sí ọ̀rọ̀ àlàfo láàárín ọmọ sí ọmọ.

Lẹ́yìn tó kúrò nípò, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 1997. Fẹlá kú lọ́jọ́ tó ṣáájú, Olíkóyè sì pe àwọn oníròyìn, ó sọ fún wọn pé àrùn Éèdì ló pa àbúrò òun. Ní Nàìjíríà ìgbà náà, ẹbí kì í sọ irú ẹ̀ jáde. Ó ti ń sọ̀rọ̀ àrùn náà láti 1986, nígbà tó wà nípò mínísítà, àwọn ènìyàn sì ń rò pé àrùn òyìnbó ni. Kò ní òkú ilé òun ni kí wọ́n fi pamọ́.

Ó kú ní London ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2003, lẹ́ni ọdún 75. Lọ́dún yẹn gan-an, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà bi àwọn ìyá nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nínú ọmọ 100 tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé méjì, bíi 13 péré ló ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ tó yẹ. Ọdún 13 ló wà láàárín 80 yẹn àti 13 yìí. Ọ̀nà tí wọ́n fi ka méjèèjì yàtọ̀ síra, n kò sì fẹ́ fi wọ́n jẹ́jọ́ bí ẹni ń ṣírò owó ọjà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti rí firiji abẹ́rẹ́ tí iná ọba ti pa tì mọ bí irú ohun bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ilé tí ọkùnrin náà kọ́ ń wó lójú rẹ̀ kó tó lọ.

Ohun kan sì wà tí ètò rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn. Kí ọmọ má kú ni wọ́n ń sáré lé, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn wí. Àmọ́ ọmọ tí kò kú ńkọ́? Ní àwọn ọdún tí Olíkóyè ń ṣe mínísítà, Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kingston, ní Jàmáíkà, mú ọmọ 129 tí wọn kò ga tó ọjọ́ orí wọn, láti oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún méjì. Àwọn kan rí oúnjẹ àfikún gbà. Àwọn kan rí òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wá sílé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún wákàtí kan, tó ń fi ohun ìṣeré tí wọ́n fọwọ́ ṣe kọ́ ìyá bí yóò ṣe máa bá ọmọ ṣeré, tí yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n wá àwọn ọmọ náà rí. Owó tó ń wọlé fún àwọn tí wọ́n bá ṣeré fi ìdá mẹ́rin ju ti àwọn tí wọn kò bá ṣeré lọ. Oúnjẹ nìkan kò fi irú ipa bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Fúnmiláyọ̀ tó ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ jọ ní Ìjẹ̀bú kì bá ti jiyàn.

Ní Àlímọ̀ṣọ́ tiwa, ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní tiwọn ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà, a ti pọ̀ débi pé wọ́n pín wa sí ìjọba ìdàgbàsókè mẹ́fà: Àgbádó/Òkè-Odò, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìkọ̀tún-Ìgàndò, Mọ́sàn-Òkúnọlá, àti Àlímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìgàndò, a dúpẹ́. Àmọ́ ìlà kì í dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn ńlá. Yàrá kan tí wọ́n háyà ló ti ń dùbúlẹ̀, níbi tí màmá àgbàlagbà kan ti ń bá ìyá mẹ́wàá tọ́jú ọmọ mẹ́wàá, tí tẹlifíṣọ̀n sì ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ láti aago méje títí di ìrọ̀lẹ́. Màmá náà kì í ṣe ìkà. Ọwọ́ méjì péré ló ní.

Nígbà T.P. mi, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tó ti lé ní ọdún márùn-ún, tí ẹni tó bá rí i yóò pè é ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Kò pariwo rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, mo sì fún un ní máàkì ìwà tó ga jù. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìwádìí 2018 sọ pé nínú ọmọ Nàìjíríà 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ. Èkó sàn ju ìyẹn lọ gan-an. Ìyẹn kò wúlò fún ọmọ tí ń wí yìí.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní Ẹgbẹ́dá kò bá ẹ̀gbọ́n mi jà. Ó ní kó máa lọ edé àti ẹ̀wà tí wọ́n ti bó sínú ẹ̀kọ náà, kó jẹ́ kó ki, kó fi epo díẹ̀ sí i, kó máa fún un lọ́mú lálẹ́ bó bá ti dé láti ọjà. Ó tún bi í pé ta ló ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó wò mí. Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń dúró de èsì. Ó wá kọ ọjọ́ tí a ó padà wá sí ẹ̀yìn káàdì, ó ní òun ń retí wa lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.